Láti Ọwọ́ Lafiatou Nìkan

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Lafiatou, ènìyàn mẹ́ta ń lù mí lẹ́bàá ọ̀nà Sèmè.

Awakọ̀ ni mí, sófẹ̀ lẹ́nu àwọn èrò. Akambi ni orúkọ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé èrò láti ẹnubodè Kraké wá sí Àjàṣẹ́. Lọ́jọ́ náà mo ti dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, mo ti sá wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dúró lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo ń jáde bọ̀ láti inú oko àgbọn tí mo ń di bẹ́líìtì mi, ọkùnrin aláṣọ kan, oníṣòwò aṣọ, tí ó jókòó níwájú gbá mi lẹ́tí kí n tó dé ìdí mọ́tò.

"Sófẹ̀, ta lo lọ pè wá?" ni ó wí. "Àwọn olè rẹ dà?"

Àwọn méjì mìíràn bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan di ọrùn ẹ̀wù mi mú, ó gbá orí mi mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Èkejì gbé òkúta. Ẹ̀jẹ̀ bọ́ ní ètè mi. Kí ni ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò wí?

Obìnrin kan jáde láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Inú ló ń run ún. Ẹ ò rí bí òógùn ṣe bo ojú rẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ má dá sí i. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dúró dè wá nínú igbó."

"Ó dáa. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ lọ wo ìdí igi àgbọn yẹn. Èmi ò ní bá yín lọ."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi èmi àti aláṣọ. Ẹni tí ó gbé òkúta jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ.

Obìnrin náà ní kí aláṣọ lọ jókòó sẹ́yìn, ó sì wá jókòó tì mí. A rìn díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Tí ẹ bá ti ṣe tán, ṣé inú rírun náà máa ń rọlẹ̀?"

"Ó máa ń rọlẹ̀."

"Ṣé ẹ máa ń rí ẹ̀jẹ̀?"

"Rárá. Ṣé dókítà ni yín ni?"

"Alásè ni mí. Mò ń dáná fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Ouando. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ béèrè Lafiatou." Ó fún mi ní ìnujú rẹ̀. "Ẹ nu ẹnu yín. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ẹ̀wù yín."

Mo lọ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí inú mi ni mo ṣe lọ, tàbí nítorí rẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Carine ni ó tọ́jú mi. Faransé ni ó ń sọ, ó sì yára jù fún mi, Lafiatou sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni Lafiatou wí. "Kì í ṣe egbò, kì í ṣe aràn. Kò sí ohun tí ojú lè rí lára ìfun yín. Ṣùgbọ́n ó máa ń bínú. Ohun tí ìfun ẹlòmíràn á gbà wọlé láìjanpata, tiyín á bá a jà."

"Ṣé ó ní oògùn?"

"Ó ní oògùn tí ń dẹ ìfun lára kí ó má baà lọ́ pọ̀. Hóró kan, ní ìdajì wákàtí kí ẹ tó jẹun. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ó yọ àwọn oúnjẹ kan kúrò lẹ́nu yín pátápátá. Lẹ́yìn náà a ó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá yín."

Ó ka àwọn oúnjẹ náà. Àlùbọ́sà. Ààyù. Ẹ̀wà àti gbogbo ohun tí a fi ẹ̀wà ṣe. Búrẹ́dì. Mílíìkì. Wàgàsì, wàrà dídì. Máńgòrò. Ata kò gbọdọ̀ pọ̀.

"Ẹ kúkú ní kí n má jẹun mọ́."

Lafiatou túmọ̀ rẹ̀, dókítà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹni tí yóò se oúnjẹ náà. Aya mi, Ìyá Bouchra, ti kú ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Bouchra, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí fún mi, wà ní ilé ọkọ ní Parakou. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi Samiatou ni ó ń fún mi lóúnjẹ. Inú agboolé bàbá wa ní Attakè ni gbogbo wa ń gbé: Samiatou tí ó jẹ́ opó, èmi, àti Soumanou àbúrò wa tí ń pa ẹran tà.

"Ọbẹ̀ tí kò ní àlùbọ́sà!" Samiatou pàtẹ́wọ́. "Akambi, ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ló wí bẹ́ẹ̀."

Ó sè é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó sọ àlùbọ́sà sí i, ó ní díẹ̀ ni. Mo tún bá ara mi nínú oko àgbọn ní Sèmè, èrò sì ń bú mi láti inú mọ́tò.

Nígbà tí Lafiatou gbọ́, ó ní, "Ẹ máa yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Ìkòkò kan náà tí mo fi ń se ti àwọn aláìsàn ni n ó fi se tiyín."

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, mo ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó sì ń gbé abọ́ onídẹ̀rí kan jáde fún mi: ìrẹsì àti ẹja, tàbí iṣu àti ẹyin, tàbí adìyẹ pẹ̀lú ewé gbọ̀mà. Èmi náà ń kọ ohun tí mo jẹ àti ohun tí inú mi ṣe sínú ìwé kan, ó sì máa ń kà á bí olùkọ́.

"Kí ni 'ó dáa díẹ̀' yìí? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ lọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Lafiatou, àgbà ni mí."

"Ìfun yín kò mọ̀ pé àgbà ni yín. Ẹ kọ iye rẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo wa mọ́tò lọ sí Kraké, mo wà á padà, mi ò dúró. Nígbà tí èrò ti bọ́ sílẹ̀ tán, mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi sí ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti lọ. Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún kò ju ẹyọ kan lọ.

Àkókò dídá oúnjẹ padà dé. Ọjọ́ mẹ́ta fún oúnjẹ kan. Búrẹ́dì gbà mí, bí kò bá ti pọ̀. Mílíìkì gbà mí díẹ̀. Àlùbọ́sà kọ̀. Ẹ̀wà ló burú jù: ṣíbí mẹ́ta péré, mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ara mi ń gbọ̀n, ojú mi ń ṣú.

Lafiatou wá wò mí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà mi, ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: Ẹ̀wà. Títí láé. Ó fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

"Lafiatou," ni mo wí, "fẹ́ mi."

Kò gbé orí sókè. "Ṣé nítorí oúnjẹ ni?"

"Oúnjẹ ló mú mi wá. Òun kọ́ ló dá mi dúró."

Ó pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lé mi jáde nítorí pé mi ò bímọ. Ẹrù mi wà lójú títì, gbogbo àdúgbò ń wò. Bàbá Bouchra, mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ́ wọ ilé ọkọ bí olè. Kí ẹ̀yin àti ẹbí yín wá sí Avrankou, kí ẹ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi lójú gbogbo ayé. Tí bàbá mi bá fà mí lé yín lọ́wọ́, mo di tiyín."

"A ó wá."

"Ẹ má fi ìbínú bá ẹbí yín sọ ọ́ o. Ìfun nìkan kọ́ ló ń bínú lára yín."

Òótọ́ ni ó sọ. Mo gbọ́, mi ò sì fi ṣe nǹkan kan.

Ní agboolé wa, gbogbo ọmọ bàbá wa a máa jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú nínú àwo ńlá kan ṣoṣo. Bàbá wa ló fi í lélẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bínú sí ẹnì kejì, tí wọ́n bá ti jọ ti ọwọ́ bọ àwo náà, ìjà parí. Nítorí náà ẹni tí kò bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ń sọ ọ̀kan nínú nǹkan méjì: yálà ó ń bá wa jà, tàbí ó rò pé a fẹ́ pa òun.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Lafiatou, oúnjẹ àgbàdo tí à ń pè ní àmíwọ̀ ni Samiatou rò, ó pọ́n fún tòmáàtì, àlùbọ́sà sì bo adìyẹ orí rẹ̀. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ mi mọ́ra.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n mi," ni Soumanou wí.

"Ẹ máa jẹ tiyín. Mo ní oúnjẹ."

"Oṣù kẹta rèé. Ta ni ẹ ń bẹ̀rù nínú wa?"

"Mi ò bẹ̀rù ẹnì kankan. Àìsàn ni."

"Àìsàn wo ni ó ń sọ pé kí ènìyàn má jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó máa jẹ ti obìnrin ìta?"

Samiatou sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Akambi, wọ́n sọ fún mi pé kò bímọ rí. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ lé e. O ti jẹ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè jẹ ní ilé méjì mọ́, ṣé ojú lásán ni?"

Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n ṣàlàyé. Kí n mú ìwé mi jáde, kí n kà á fún wọn. Dípò bẹ́ẹ̀ mo dìde, mo sì sọ gbólóhùn tí mo ń gbọ́ ní etí mi títí di òní.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín! Lafiatou ni n ó fẹ́. Láti òní lọ, láti ọwọ́ Lafiatou nìkan ni n ó ti máa jẹun. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó lọ forí sọ ògiri!"

Soumanou ta àwo náà nù. Àmíwọ̀ gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ!" ni ó pè mí. Láti ìgbà tí a ti bí i, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ, o ń pe ẹ̀gbọ́n wa ní apani?"

Mo fi ìkúùkù lù ú lẹ́nu. Eyín kan já bọ́ sílẹ̀. Ó rọ́ lù mí, a jọ ṣubú lé adìyẹ àti àwo lórí, ó ń fún mi lọ́rùn, mo ń ki ìka bọ̀ ọ́ lójú. Adéwálé, ará Ògùn tí ó yá yàrá kan lọ́wọ́ wa tí ó ń ránṣọ níbẹ̀, ló fi agbára yà wá.

Samiatou ń ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Ó ń sunkún. "Ó ti gbà á lọ́wọ́ wa," ni ó ń wí. "Ó ti gbà á tán."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó wá bá mi. Ó ní òun ti rò ó, òun yóò bá wa lọ sí Avrankou lọ́jọ́ Àìkú tí ń bọ̀, òun yóò sì bá Soumanou sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayọ̀ kún mi lọ́kàn débi pé mi ò wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Ó fẹ́ mọ òtítọ́ kí ó tó lọ tọrọ ìyàwó. Ó rò ó báyìí: bí ó bá jẹ́ pé àìsàn ni lóòótọ́, ẹ̀wà yóò ṣe mí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ pé mo jẹ ẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé Lafiatou ló fi nǹkan dè mí, ẹ̀wà kò ní ṣe mí ní nǹkan kan tí mi ò bá ti mọ̀. Ó yan ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé abọ́ Lafiatou sílẹ̀ nínú yàrá mi, mo lọ wẹ̀. Ó wọlé, ó ṣí i, ó da ẹ̀wà náà sínú ọbẹ̀ ẹja, ó rò ó pọ̀.

Ọbẹ̀ náà ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé Lafiatou fẹ́ kí n sanra kí ọjọ́ ìtọrọ tó dé. Mo jẹ ẹ́ tán.

Kò tó wákàtí méjì. Inú mi lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Mo sáré sí ilé ìgbẹ́ ní ẹ̀yìn ilé, mo jáde, mo padà, mo jáde. Nígbà kẹrin, ojú mi ṣú. Mo ṣubú, orí mi sì bá igun sìmẹ́ńtì. Àwọn tí ó sáré dé bá mi nílẹ̀ tí mi ò mira, ẹ̀jẹ̀ bo ojú mi.

"Wọ́n ti fún un ní májèlé!" Ta ló kọ́kọ́ pa igbe náà? Adéwálé ní òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn Soumanou dáadáa.

"Ọwọ́ ta ló ti jẹun?"

Kò sí ẹni tí kò mọ ìdáhùn. Èmi fúnra mi ni mo ti kéde rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Wọ́n gbé mi sórí àlùpùpù láàárín ènìyàn méjì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe gbé mi jáde ni Lafiatou wọlé. Ó ti parí iṣẹ́, ó wá gba abọ́ rẹ̀.

Adéwálé ló sọ bí ó ti rí. Soumanou di irun rẹ̀ mú ní ẹnu ọ̀nà, ó fà á wọ àárín ọgbà. Lafiatou ò tíì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ń pariwo pé, "Bàbá Bouchra dà? Kí ló ṣe é?" Wọ́n gbá a létí. Wọ́n ju abọ́ náà lù ú. Ó gbé e nílẹ̀, ó fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹ̀wà wà nínú rẹ̀!" ni ó wí. "Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀! Ẹ wò ó, mo lá a, ṣé mo kú? Ta ló fọwọ́ kan abọ́ yìí?"

"Májèlé àjẹ́ kì í pa àjẹ́!" ẹnì kan dáhùn.

Lafiatou yí ojú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá ojú dúró lára Samiatou. Adéwálé ní òun rí i. Lafiatou wò ó, ó ní, "Ìyá, ẹ sọ fún wọn."

Samiatou kò la ẹnu.

Ọmọ odó ni Soumanou gbé. Ó lù ú ní èjìká, ó lù ú ní ìhà. Nígbà tí ó ṣubú, àwọn mìíràn fi ẹsẹ̀ gbá a ní ikùn, àwọn tí ó ti ń kí i nínú ọgbà yẹn, tí ó ti dá wọn lóhùn. Adéwálé dùbúlẹ̀ lé e lórí. Wọ́n lu òun náà títí apá rẹ̀ fi wú. Wọ́n dẹ́kun nígbà tí wọ́n rí i pé kò sunkún mọ́.

Mo jí lọ́jọ́ kejì, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi rán orí mi. Carine jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó rọra sọ Faransé rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí n lè gbọ́. Ó ní nǹkan ti já nínú ikùn Lafiatou, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ti là á, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá.

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gba ilé lọ. Mo mú irin tí mo fi ń tú táyà láti inú mọ́tò, mo wọ inú ọgbà.

Samiatou pàdé mi. Kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹ̀wà yíyan dé orí ìdákẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?" Èmi náà pè é ní ìwọ.

"Ẹ̀rù bà mí. Wọn ì bá yí i sí mi." Ó ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀. "Lù mí, Akambi."

Mo gbé irin náà sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ń ta ẹja. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú.

Soumanou jáde láti yàrá rẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Òun ni irin náà balẹ̀ lé. Ó gbé apá dí orí, mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Mo tún lù ú ní ẹsẹ̀, mo tún lù ú ní ẹ̀yìn. Ó ń ké pé, "Mo rò pé ẹ ti kú ni! Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ó ti pa yín ni!" Mo sì ń lù ú. Ènìyàn mẹ́rin ni ó dì mí mú.

Bí mo ṣe wà yẹn ni mo lọ bá Lafiatou. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo bá bàbá arúgbó kan lórí àga, ó fi ọ̀pá lé orúnkún. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ojú wọn jọra. Bàbá Rachidou ni, bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ láti Avrankou.

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni ó wà ní ẹ̀wù rẹ?"

"Ti àbúrò mi, Bàbá. Òun ló lù ú."

"Ṣé èyí yóò mú ọmọ mi lára dá?"

Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Dìde. Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní Lafiatou."

Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo aṣiwèrè. "Àwọn ẹbí tí ó yẹ kí wọ́n bá ọ wá tọrọ rẹ̀ dà? Wọ́n ti kọ́kọ́ wá. Wọ́n fi ọmọ odó tọrọ rẹ̀." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ. Lọ sí kọmisaríà, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Lọ dárúkọ ẹni tí ó lù ú àti ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́. Ọkọ ọmọ mi kò lè jẹ́ ẹni tí ó fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn. Bí o bá ti ṣe é, kí o padà wá."

Àwọn àgbà agboolé wa ti gbọ́ kí n tó délé. Wọ́n ní a kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé bàbá ẹni lọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú ilé náà. Samiatou nìkan ni kò bẹ̀ mí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo sọ ọ́. Mo dárúkọ Soumanou, àbúrò mi. Samiatou dárúkọ ara rẹ̀. Mo sì sọ ti irin àti ti apá tí mo dá. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí n máa lọ ná. Soumanou wà ní ẹ̀wọ̀n di òní yìí, kò sì sí ẹni tí ń dáhùn ìkíni mi ní agboolé bàbá mi.

Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Rachidou kò béèrè nǹkan kan. Ó ránṣẹ́ sí alùfáà.

Lafiatou dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ kan wú débi pé kò ṣí. Mo jókòó tì í. Mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ kàn tí kò ní dùn ún.

"Bàbá Bouchra," ni ó wí. "Ẹ ti jẹun?"

"Rárá."

"Ẹ lo oògùn yín kí ẹ tó jẹ."

"Olólùfẹ́ mi, dárí jì mí. Ẹnu mi ló pa ọ́."

"Ẹnu yín kò gbé ọmọ odó." Ó mí díẹ̀díẹ̀. "Bàbá mi sọ ibi tí ẹ lọ láàárọ̀ fún mi. Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣeun."

Alùfáà dé ní aago mẹ́ta. Adéwálé jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn jẹ́ èkejì. Alùfáà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gbà. A rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ sókè, gbogbo àwọn aláìsàn inú yàrá náà sì gbọ́.

"Mo gbà á. Lójú gbogbo yín."

Ó sùn. Ó jí lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀, ó pè mí ní ọkọ òun, ó béèrè bóyá òjò ń rọ̀. Mo ní kò rọ̀. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Jímọ̀, ó kú. Wákàtí mọ́kàndínlógún ni a fi jẹ́ tọkọtaya.

Wọ́n sin ín ní Avrankou lẹ́yìn ìrun. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yí sàréè ká. Nígbà tí mo sún mọ́ etí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ dí mi ní àyà.

"Ará ilé yẹn nìyí! Kí ni ó jẹ́ sí i?"

Wọ́n yí mi ká. Ẹnì kan gbé ọkọ́ sókè. Mi ò gbé apá dí orí.

Bàbá Rachidou fi ọ̀pá rẹ̀ ya ọ̀nà láàárín wọn.

"Ọkọ rẹ̀ ni," ni ó wí. "Èmi ni mo fún un. Ẹ fún un láyè."

Wọ́n sún sẹ́yìn. Mo bọ́ bàtà mi, mo sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè, wọ́n sì gbé aya mi fún mi.